Es àti Está: Bí Mo Ṣe Tẹ̀ Lé Ọkọ Mi Lọ Kọ́ Èdè Sípéènì ní Ìwáyà

Ìdájí Sátidé la kúrò nílé ní Àgùdà, èmi àti ọkọ mi, Bàbá Ṣọlá. Ó ríṣẹ́ fíríìjì títúnṣe sí Malabo, ìlú tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì, ó wá ń kọ́ èdè náà ní Ìwáyà. Kò sẹ́ni tó pè mí o. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń wẹ̀, "bonita, bonita" ló ń kọ lórin. Ẹwà ni bonita. Opó sì ni Àǹtí Rẹ̀mí tó ń kọ́ ọ. Ṣé kí n wá káwọ́ lẹ́rán ni?

Mo wọ léèsì, mo kun àtíkè. Àádọ́ta kọ́bọ̀ ni bọ́ọ̀sì ń gbà dé Yábàá nígbà náà. Ọkọ mi ra àkàrà gbígbóná, n ò lè jẹ ẹ́. Owú ti yó mi. A fẹsẹ̀ rin ìyókù títí a fi ń gbóòórùn ẹja yíyan Ìwáyà.

"Ẹ káàbọ̀, ìyàwó wa!" Àǹtí Rẹ̀mí ló kí mi bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ta ni?

Ọkọ mi ka ohun tó wà lójú pátákó: "La maestra es bonita." Olùkọ́ rẹwà. Níṣojú mi!

"Ó yá, ẹ sọ ti ìyàwó wa."

Ó wo léèsì mi. "Mi esposa está bonita."

Mo ti ń rẹ́rìn-ín kí Àǹtí tó ṣàlàyé: "Es ni ti bí ẹ̀dá ṣe jẹ́. Está ni ti bó ṣe wà báyìí. Bó bá rẹ̀ mí, estoy cansada ni màá sọ; está náà ni estoy, téèyàn bá ń sọ ti ara rẹ̀. Bàbá Ṣọlá ní ẹ rẹwà lónìí."

Ẹ gbọ́ o! Ní Àgùdà, "ó rẹwà" la ń sọ, ó parí. Olùkọ́ wá rẹwà láti ọ̀run, èmi rẹwà nítorí léèsì!

"Ìyá Ṣọlá, ìwé ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni ọkọ mi ń wí lójú ọ̀nà ilé.

"Ṣé ìwé ló kọ tèmi náà?"

Bá a ṣe délé, mo bọ́ léèsì, mo fọ àtíkè dànù, mo ró ògbólógbòó ìró. "Ẹ tún un sọ."

Ó họrí. "Mi esposa... es bonita."

Ọkàn mi rọ̀ díẹ̀. "Tí wọ́n bá wá bi yín ní Malabo bóyá ẹ láya ńkọ́?"

Ojú rẹ̀ dán. Ó mọ èyí dáadáa. "Estoy casado! Mo ti gbéyàwó!"

Estoy. Bíi ti ẹni tó rẹ̀.

Ohun tí ìrìn àjò ọjọ́ náà kọ́ mi nìyẹn. N ò bá a jà. Mo fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù tèmi náà sí Malabo.