Ọkọ̀ Tí Fòfó Tà Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà ní Sakété ni ọkùnrin tí mo kórìíra jù láyé, mi ò sì ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ. Fòfó la máa ń pè é, bí àwọn Gùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ Ìsinmi, aṣọ funfun ni, kò ní í fẹnu kan ọtí. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọtí sódàbì ni.

Epo pupa ni mò ń ṣe ní Pobẹ̀. Ahoyéyé ni mo ti ń ra ẹyìn, Sakété ni mo ti ń ta epo. Kí n tó ní ọkọ̀, ẹ̀yìn alùpùpù akérò tá à ń pè ní zémíjàn ni mò ń di bídọ́ọ̀nù epo mọ́, bó bá já sí kòtò, ìdajì èrè mi á ṣàn sílẹ̀. Nígbà tí Fòfó ní òun fẹ́ ta ọkọ̀ òun tó ti gbó díẹ̀, gbogbo ohun tí mo ti ń tù jọ láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ ni mo kó fún un.

Yàrá àlejò rẹ̀ la ti ṣe é, lójú ẹbí, ọkọ mi jókòó tì mí. Fòfó gba owó, ó ta sódàbì sílẹ̀ fún àwọn òkú ọ̀run, ó gbàdúrà kí ọkọ̀ má pa wá, gbogbo wọn sì mu níbẹ̀. Ó wá kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Fòfó, ẹ jọ̀ọ́, ó ku ìwé. Ká jọ lọ sí mẹrí, kẹ́ ẹ buwọ́ lùwé pé ẹ ti tà á, kí n lè yí kátí gírìsì sí orúkọ mi.” Mẹrí ni ọ́fíìsì ìjọba ìlú tó ń lu òǹtẹ̀ sírú ìwé bẹ́ẹ̀. Kátí gírìsì ni ìwé tó ń sọ ẹni tó ni ọkọ̀, orúkọ tirẹ̀ ló sì wà nínú rẹ̀.

Ó wò mí bí ẹni tó rí eṣinṣin nínú ọbẹ̀. “Ìyàwó wa, ṣé a máa ń kọ̀wé láàárín ilé ni? Àlejò là ń kọ̀wé fún. Sódàbì tá a ta sílẹ̀ yẹn, kí ló wà fún?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Níbi tiwa, ìyàwó ilé tó bá bèèrè ìwé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti pè é lólè nìyẹn. Mo mú kọ́kọ́rọ́ mi, mo jáde.

Èmi fúnra mi ni mo ń wa ọkọ̀ náà, àwọn obìnrin Igana a sì máa juwọ́ sí mi lójú ọ̀nà. Ìgbà tó ṣe, Fòfó bẹ̀rẹ̀ sí yá a. Ó yá a lọ síbi òkú, ó yá a lọ kó àgbàdo, á dá a padà láìsí epo kankan nínú rẹ̀, kò sì ní í dúpẹ́. Lọ́jọ́ kan ó yá a, kò dá a padà mọ́. Kí n tó débẹ̀, ó ti tà á fún ọkùnrin kan ará Takon.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Ó bá ará Takon lọ sí mẹrí, ó buwọ́ lùwé, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Àlejò là ń kọ̀wé fún. Kò kúkú parọ́.

Mo gbé ẹjọ́ lọ sí kọmisaríà ọlọ́pàá. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó gbọ́ ẹjọ́ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní ìwé ará Takon lágbára, ṣùgbọ́n bí mo bá rí ẹnì kan péré tó lè jẹ́rìí pé mo sanwó, òun á dá ọkọ̀ náà dúró títí ilé ẹjọ́ á fi gbọ́ ọ. Fòfó ní ńṣe ni mo fi owó yẹn ran ẹbí lọ́wọ́, òun sì yá mi lọ́kọ̀. Àwọn tó mu sódàbì ńkọ́? Ọ̀kan ní òun ti sùn, èkejì ní òun ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Fòfó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, àwọn aráalé tún ń bá a ru igbá.

Ọ̀gá ọlọ́pàá yíjú sí ọkọ mi. “Bàbá, ṣé ẹ rí i nígbà tí ìyàwó yín ń fún ẹ̀gbọ́n yín lówó?”

Ọkọ mi wo bàtà rẹ̀. Ó wo Fòfó. Ó ní, “Mo wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n mi ò rí i dáadáa.”

Kò rí i dáadáa. Ọkùnrin tó jókòó tì mí débi pé orúnkún wa ń kan ara wọn. Fòfó, olè ni, mo sì mọ iṣẹ́ olè. Ti ọkọ mi ni mi ò mọ orúkọ tí mo lè pè é. Bí ọkọ̀ mi ṣe lọ nìyẹn, mo padà sẹ́yìn zémíjàn. Mi ò kó jáde nílé rẹ̀. Mò ń se oúnjẹ, ó ń jẹ ẹ́, ó tún ń yìn ín.

Lọ́dún tó kọjá, mo ra ọkọ̀ mìíràn lọ́wọ́ tísà kan tó ń kó lọ sí Kútọnu. Èmi àti tísà lọ sí mẹrí Pobẹ̀. Ọkọ mi ní òun á bá wa lọ, ó wọ agbádá. Obìnrin tó ń ṣe ìwé náà ní ó ku ẹlẹ́rìí kan fún ẹni tó ń rà á. Ọkọ mi ti dìde, ó ti yọ bíìkì ìkọ̀wé jáde lápò.

Mo bọ́ síta, mo pe oní-zémíjàn kan tó dúró lábẹ́ igi, ẹni tí mi ò rí rí. Ó wọlé, ó ṣí fìlà, ó buwọ́ lùwé. Obìnrin náà wo ọkọ mi tó ṣì dúró pẹ̀lú bíìkì lọ́wọ́.

“Màdáámù, ọkọ yín ńkọ́?”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó,” mo ní. “Wọn kì í ríran dáadáa.”