Aago tí Tíṣà Ìgè Fi Ọdún Méjì Ná

Tíṣà Timothy Ìgè fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ní ìṣirò, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó sá fún aago ọwọ́ ni orúkọ rẹ̀ tó kárí ìlú. Ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ bíi gbogbo Ọjọ́bọ̀. Bàbá dé ìsọ̀ Hafeezah, ìyá Ayman, obìnrin tó ń tún aago ṣe lẹ́bàá ọjà Òkè-Ajé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí wọ́n mú aago àtijọ́ kan wá fún òun. Aago náà kò ṣiṣẹ́. Gíláàsì ojú rẹ̀ ti là, ọ̀kan nínú ọwọ́ rẹ̀ ti kán, awọ tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ọwọ́ ti jẹrà dànù. Ọdún kejì rèé tí Bàbá ti ń ná an.

"Ìyá Ayman, èló lo fẹ́ gbà gan-an?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ni, Tíṣà. Ẹ ti ń bi mí láti èṣín."

"Aago tí kò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́? Màá san ẹgbẹ̀rún méjì."

Àwọn tó wà ní ìsọ̀ ìtòsí yíjú síbẹ̀. Láti ọdún méjì, Bàbá kò dárúkọ iye kankan rí. Hafeezah gbé irin kékeré tó fi ń tú aago kalẹ̀, ó wo ojú Bàbá dáadáa, ó ní, "Mo gbà."

"Kí lo wí?"

"Mo ní mo gbà, Bàbá. Ẹ mú owó wá."

Ẹ mọ òfin ọjà. Bí èèyàn bá ti dárúkọ iye, tí ọlọ́jà sì ti gbà fún un, ó ti rà á nìyẹn. Ẹni tó bá yẹra lẹ́yìn náà, ìwọ̀sí ló fi lọ ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n Tíṣà já fìlà rẹ̀ gbà lórí bẹ́ǹṣì, ó sọdá títì, ó gun ọ̀kadà, kò sì bèèrè iye tí wọ́n fẹ́ gbà. Ibẹ̀ gan-an lẹnu ti ya àwọn èèyàn. Ọkùnrin tó máa ń bá ọlọ́kadà ṣàròyé títí èrò tó bá wọn níbẹ̀ á fi lọ, á sì bọ̀!

"Bàbá, ibo là ń lọ?" ni ọlọ́kadà bi í.

"Ṣáà máa lọ!"

Ìjagun, lẹ́yìn ìlú lọ́hùn-ún, ni ọlọ́kadà já a sí. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ọjà níbẹ̀ nilé Bàbá wà.

Tíṣà ti kú báyìí. A ṣì máa ń sọ ìtàn yìí, a sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu wa mọ́, nítorí a ti wá mọ ohun tó ń sá fún.

Kò sí ohun tí ọkùnrin náà kì í ná. Bàbá tó bí i lọ́mọ ló kọ́ ọ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dárúkọ iye ló máa san jù, Tíṣà sì di ọ̀rọ̀ yẹn mú bíi Kírédò. Kì í dárúkọ iye. Àbùkù ọjà ló máa ń kà títí ọlọ́jà á fi máa já owó rẹ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta gàrí, á bu díẹ̀ tọ́ wò lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, á ní kò kan tó. Á bu tẹnìkejì, á ní ó kan jù. Bó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni karùn-ún, á yọ píọ́ wọ́tà kan lápò, á fi ti gbogbo rẹ̀ wọlé, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á sì máa lọ sílé. Obìnrin kan níbẹ̀ ní bí Bàbá bá tún ń bọ̀, kó kúkú mú ṣúgà dání.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, pé kó máa lo oògùn kan lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, Tíṣà ní, "Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta pọ̀ jù. Jẹ́ ká fi sí ẹ̀ẹ̀kan." Nọ́ọ̀sì ní oògùn kì í ṣe ọjà. Bàbá ní kó má bínú, òun ti fi kún un, kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, agbára òun kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yétúndé ọmọ rẹ̀ ló sọ ìyẹn fún wa, a sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó ń dùn wá báyìí pé ẹ̀rín la rín.

Ọ̀rọ̀ aago yẹn ló wá yàtọ̀. Hafeezah kò mọ̀dí rẹ̀ títí di ọjọ́ kan tí òjò sé Bàbá mọ́ ìsọ̀. Nígbà tí Tíṣà wà lọ́mọ ogún ọdún, George, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, fi owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ra irú aago yẹn gan-an. Lọ́jọ́ tí Timothy ń lọ ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, George bọ́ aago lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó so ó mọ́ àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ kó má baà pẹ́ dé ibi ìdánwò. Bí Timothy ṣe ń ti ibi ìdánwò bọ̀ wálé, ọkùnrin kan rí aago náà ní gáréèjì, ó ní òun fẹ́ rà á.

"Mi ò ní i lọ́kàn láti tà á," ni Tíṣà sọ fún Hafeezah. "Mo kàn dárúkọ iye tó lè ra aago mẹ́ta, kó lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ọkùnrin náà ní, 'Mo gbà.'"

"Yéè! Ẹ wá ṣe báwo?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ti dárúkọ iye, gbogbo gáréèjì sì gbọ́. Mo bọ́ ọ fún un. Mo kówó náà lọ fún ẹ̀gbọ́n mi tayọ̀tayọ̀, mo ní mo jèrè fún wọn. Wọ́n wo owó náà, wọ́n ní, 'Timothy, ṣé mo ní mo fẹ́ tà?'"

Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí George ti sọ bẹ́ẹ̀. Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ló ń gbé, kò jìnnà rárá. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé níbi ìgbéyàwó ẹbí, wọ́n á kí ara wọn bí ẹni tó kí àlejò, oníkálùkù á sì wá àga tirẹ̀ lọ. Ohun tí Tíṣà wá fẹ́ ṣe ni pé kó ra aago yìí, kó tún un ṣe, kó fi lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, kó sì bẹ̀ ẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn tó kú.

"Ẹ rà á nígbà náà," ni Hafeezah wí. "Ẹ jẹ́ kí n tú u."

"Bí o bá tú u ńkọ́, tí o rí i pé inú rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe?"

"A ó ti mọ̀ nìyẹn."

"Ohun tí mi ò fẹ́ mọ̀ nìyẹn."

Hafeezah ní òun mọ̀ pé kì í ṣe aago nìkan ni Bàbá ń sọ.

Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ kan, á ní aago náà fúyẹ́ jù. Lọ́sẹ̀ kejì, á ní ó wúwo jù. Hafeezah bi í bóyá aago náà ń jẹun lẹ́yìn rẹ̀ ni. Nígbà tó yá, obìnrin náà pinnu nínú ara rẹ̀ pé iye yòówù tó bá bọ́ lẹ́nu Bàbá, ì báà jẹ́ kọ́bọ̀, òun máa gbà á, kí ọ̀rọ̀ náà lè yanjú. Ohun tó fi ní "Mo gbà" lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Kò mọ̀ pé gbólóhùn náà máa gbé Bàbá dé Ìjagun.

Lọ́jọ́ kejì, kí Hafeezah tó ṣí ìsọ̀, Tíṣà ti dúró síwájú ilẹ̀kùn. Ó ka ẹgbẹ̀rún méjì pé, ó gbé e lé tábìlì, kò sì tètè gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. "Tú u," ló wí, ó sì kọjú sí títì. Hafeezah tú u. Sípíríǹgì inú rẹ̀ ti já, ìpáǹtí sì ti di díẹ̀ nínú eyín rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyókù pé.

"Bàbá, ó ṣeé tún ṣe."

Tíṣà mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi í bóyá ó lè dá ẹgbẹ̀rún kan padà, nígbà tí sípíríǹgì ti já.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi wá sípíríǹgì mìíràn ní Èkó. Ní gbogbo àkókò náà, Tíṣà ń wá sí ìsọ̀, ó ń múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ní ti ìdọ̀bálẹ̀, orúnkún òun ń dun òun, bí òun bá tẹ orí ba, ṣé kò tó?

"Kò tó," ni Hafeezah wí.

"Kí n kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan ńkọ́?"

"Tíṣà, àádọ́ta ọdún! Ẹ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, kí àyà yín kanlẹ̀."

Bàbá rò ó títí. "Ó dáa," ló wí. "Mo gbà." Àwọn tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yẹn máa jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni aago náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Hafeezah ti pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀, ó ti fi awọ tuntun sí i. Tíṣà gbé e sétí, ó dijú, ó ń gbọ́ bó ṣe ń dún. Kò rí àbùkù kankan kà.

"Ẹ jẹ́ ká wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ nísinsìnyí," ni Hafeezah wí.

"Rárá o. Jẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ di Àbámẹ́ta, ká wò ó bóyá yóò máa fà sẹ́yìn."

"Lọ́la ńkọ́, Bàbá?"

"Àbámẹ́ta."

Hafeezah gbà fún un. Nínú gbogbo ọjà tí wọ́n jọ ná, eléyìí nìkan ló dùn ún títí dòní pé òun jẹ́ kí Bàbá borí. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Tíṣà Ìgè jókòó sórí àga rẹ̀ nílé, kò sì dìde mọ́. Yétúndé ka oògùn tó kù nínú páálí rẹ̀, ó rí i pé ó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì tó fi ẹnu ara rẹ̀ dá fún nọ́ọ̀sì náà, Bàbá tún ti já a wálẹ̀.

George kò wá síbi ìsìnkú. Ẹ̀gbọ́n kì í sin àbúrò, kò sì sẹ́ni tó retí rẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, Yétúndé àti Hafeezah fi áńkáṣíìfù di aago náà, wọ́n gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ìta ilé ni wọ́n ti bá George, tí òun náà ti di bàbá arúgbó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Wọ́n kúnlẹ̀ kí i, wọ́n sì tú áńkáṣíìfù náà. Bàbá kò bi wọ́n léèrè ohun tó jẹ́.

"Èló ni Timothy rà á?"

"Ẹgbẹ̀rún méjì, sà," ni Hafeezah dáhùn.

"Èló lo pè é?"

"Ogún ni, sà."

Bàbá George bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi ń wúkọ́. "Timothy! Kò yí padà!"

"Bàbá àgbà," ni Yétúndé wí, "wọ́n ti fẹ́ wá dọ̀bálẹ̀ fún yín ní Àbámẹ́ta yẹn."

"Pẹ̀lú orúnkún tí mo rí i pé ó ń dùn ún níbi ìgbéyàwó?"

"Orí ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ tẹ̀ ba, sà. Ìyá Ayman yìí ló ná wọn dé ìdọ̀bálẹ̀."

Ẹ̀rín ṣì wà lójú Bàbá, ṣùgbọ́n kò tún dún mọ́. Ó gba aago náà, ó ń fi àtàǹpàkò nu ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí eruku níbẹ̀.

"Ọdún náà kò tíì yí po tí inú mi ti rọ̀," ló wí. "Mo kàn ní kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni. Bàbá kan náà ló kọ́ àwa méjèèjì bí wọ́n ṣe ń nájà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dárúkọ iye ló máa san jù. Èmi náà wá jókòó síbí, mò ń dúró de iye tí Timothy máa dá." Ó fi etí agbádá nu ojú. "Bó bá wá lọ́wọ́ òfo, ǹ bá gbà."

Hafeezah bá a so aago náà mọ́ ọrùn ọwọ́. Bàbá George gbé ọwọ́ sétí, ó dijú, gẹ́gẹ́ bí àbúrò rẹ̀ ti ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn.

"Timothy," ló wí jẹ́jẹ́, "mo gbà."