Tíṣà Vavrouch àti Ibi Olú Rẹ̀

Ọjọ́ tí ṣòkòtò Tíṣà Vavrouch já bọ́ níwájú àwọn àlejò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìlú wa, Horní Brázdov, tó mọ̀ pé ẹni ńlá ń gbé láàárín wa. Olórí ìlú ló ń kí àwọn àlejò káàbọ̀ ní èdè wọn, ó sì ń sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ tiwa. Ó ń gbá orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ bí ìṣó, ó sì ń pe gbogbo èyí tó kù kíkún, kò rẹ́ ìkankan jẹ. Àwọn àlejò ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ nǹkan kan.

Ni Tíṣà, tó ti ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́, bá dìde láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ó ki àtàǹpàkò bọ abẹ́ okùn oníràbà tó fi gbé ṣòkòtò kọ́ èjìká. Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ gùn, ó fa okùn; ibi tó yẹ kí ó sáré kọjá, ó dẹ̀ ẹ́. Olórí ìlú tẹjú mọ́ ọn, ó ń tẹ̀ lé e, ojú àwọn àlejò sì bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ó ku díẹ̀ kí gbólóhùn parí ni okùn já. Ṣòkòtò wálẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, Tíṣà kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Okùn tí kò sí mọ́ ló ń fà nínú afẹ́fẹ́ títí ọ̀rọ̀ fi tán.

"Ṣòkòtò lè dúró dè mí," ó sọ fún wọn lẹ́yìn náà. "Gbólóhùn kì í dúró."

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà ni Květa, opó tó ń ta búrẹ́dì. Jana ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Nelly ọmọ Jana kò sì gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, Květa bá ọmọ náà sọ Gẹ̀ẹ́sì lórí fóònù. Ọmọ sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ní kí ló dé tí inú ń bí màmá àgbà sí òun. Květa kò sùn dáadáa láti ìgbà náà.

"Tíṣà, ẹ gbà mí. Ọmọ ọmọ mi ń sá fún mi."

"Kí lẹ sọ fún un?"

Květa tún un sọ. Tíṣà di ojú bí ẹni tí eyín ń ro.

"Ìyá Jana, ọbẹ̀ pòtétò lẹ ní ẹ sè, àbí ogun lẹ kéde? Ẹ̀ ń pe pòtétò, ẹ ń gbá a lórí. Àárín rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀."

"Èmi ni mo gbìn ín. Ibi tó bá wù mí ni màá ti gbá a."

"Ẹ máa gbá a lọ nígbà náà, kí ọmọ máa sá lọ."

Lọ́jọ́ kejì, Květa gbé apẹ̀rẹ̀ bí Tíṣà ṣe ní kó ṣe, ó tẹ̀ lé e lọ sínú igbó.

Gbogbo ìlú mọ̀ pé Tíṣà ní ibi ìkọ̀kọ̀ kan tó ti ń ká olú. Ìyàwó rẹ̀ kú láìmọ ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìdí kùkùté kan lẹ́nu igbó, ó gba ìborí Květa, ó fi dì í lójú.

"Tíṣà, ẹ̀kọ́ ni mo bá wá o."

"Ẹ̀kọ́ náà nìyí. Ilẹ̀ igbó, ewé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣé ẹ ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ká ewé?"

"Olú ni mo ń ká."

"Ẹ ò rí i? Èdè tiwa ń bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ewé. Gẹ̀ẹ́sì ń rìn kọjá lórí ewé, tó bá rí olú ló ń dúró."

Bí wọ́n ti ń rìn lójoojúmọ́, bí a ṣe ń se ọbẹ̀ pòtétò ni Tíṣà ní kí Květa máa sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, láti orí gígé àlùbọ́sà títí dé orí bíbù ú sáwo. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ní láti wúwo, ó fà á lọ́wọ́, wọ́n á sì yà. Ibi tí kò ti wúwo, wọ́n ń yára. Bí ó bá ṣi ọ̀kan, Tíṣà á ní, "Ẹ jẹ́ ká padà sí kùkùté." Inú bí Květa débi pé ó bú u nínú èdè méjèèjì. Tíṣà ní èébú Gẹ̀ẹ́sì náà ti ń dára.

Ní ọjọ́ kan Květa bi í léèrè bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí.

"N kò dé ibẹ̀ rí. Ìgbà tí ìjọba ti ibodè, etí mi nìkan ló ń lọ, inú rédíò ló ń gbà."

"Ibodè ti ṣí tipẹ́, Tíṣà."

"Bí mo bá wá débẹ̀, tí wọn ò sọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ńkọ́?"

Tíṣà kú kí yìnyín ìgbà òtútù ọdún náà tó yọ́ tán. Okùn tuntun ni wọ́n fi di ṣòkòtò rẹ̀ kí wọ́n tó sin ín. Olórí ìlú fi gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan dágbére fún un létí ibojì, gbogbo wa sì rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń fa nǹkan tí kò sí láyà rẹ̀.

Nígbà tí Nelly dé nínú oṣù kẹjọ, ẹ̀yìn Jana ló fara pamọ́ sí. Květa rántí ọwọ́ Tíṣà tó máa ń fà á, ó rọra sọ fún ọmọ náà ní Gẹ̀ẹ́sì pé òun se ọbẹ̀ pòtétò. Ọmọ náà yọjú.

"Ṣé olú wà nínú rẹ̀?"

"Kò tíì sí. Jẹ́ ká lọ wá a."

Ní ìdí kùkùté, Květa rántí pé òun kò mọ ọ̀nà. Ó di ọwọ́ Nelly mú, ó di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí a ṣe ń gé àlùbọ́sà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo, ẹsẹ̀ rẹ̀ yà fúnra rẹ̀. Ó yí gbòǹgbò po, ó sọdá odò kékeré, ó gba abẹ́ igi tó wó. Bí ó ṣe sọ ọ́ dé orí bíbu ọbẹ̀ sáwo ni ó la ojú.

Olú kún ilẹ̀ níwájú wọn, kò sí ẹni tó tíì fọwọ́ kàn án.

Ibi tí Tíṣà kò fi han ìyàwó rẹ̀ rí, òun ni ó ti fa Květa lọ́wọ́ lọ láìsọ fún un, títí ọ̀nà rẹ̀ fi mọ́ ọn lára. Květa jókòó sórí ewé, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Màmá àgbà, ṣé inú ń bí yín?"

"Inú kò bí mi, ọmọ mi," ó dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, láìbẹ̀rẹ̀ fún ewé kankan. "Ẹnì kan ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."