Òkúta Ọ̀run Tí Sikirat Gé

Alágbẹ̀dẹ ni gbogbo ìdílé Sikirat ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n òkúta ni òun yàn láàyò. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Iléṣà, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ẹ̀rọ gé òkúta, kó sì máa ha á títí yóò fi fẹ́lẹ́ débi tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Ní ọdún tó kọjá, òkúta dúdú kan já láti ojú ọ̀run sí oko obì lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Dókítà Ọdúntán, ọ̀gá Sikirat, lọ gbé e wá. Ó pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, ó ní òkúta náà ti wà kí ilé ayé tó dúró. Ó ní ara òkúta ńlá kan tó ń yí oòrùn po ló ti ya wá. Yìnyín wà nínú òkúta ńlá yẹn nígbà náà. Yìnyín ọ̀hún yọ́, omi rẹ̀ rin gbogbo inú rẹ̀, títí ohun tó le tó sì ń dán níbẹ̀ fi di amọ̀, tí iyọ̀ sì dì sí àwọn ibi tó sán. Sikirat dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé òkúta náà fún un, ọ̀rọ̀ amọ̀ yẹn kọ ọ́ lóminú. Ó bi ọ̀gá rẹ̀ bóyá omi tí òun fi ń gé òkúta yòókù náà ni kí òun fi gé e. Fóònù ni Ọdúntán ń tẹ̀.

Ó ní, "Kí lo fi ń gé òkúta tẹ́lẹ̀? Gé e, jàre."

Sikirat gé e. Iyọ̀ inú rẹ̀ yọ́, ìdajì òkúta náà sì wó sínú omi, ó di ẹrẹ̀ dúdú. Ó sáré pa ẹ̀rọ, ó ń fi ọwọ́ ṣa ẹrẹ̀.

Níwájú ìgbìmọ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ ọ̀hún, Ọdúntán ní akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní pàápàá mọ̀ pé omi kò gbọdọ̀ kan irú òkúta bẹ́ẹ̀.

Sikirat ní, "Ọ̀gá, mo bi yín."

Ọ̀gá rẹ̀ kò wo ojú rẹ̀. Ó ní òun kò tilẹ̀ rí i lọ́jọ́ náà. Wọ́n lé Sikirat kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé táìlì fún àwọn tó ń kọ́lé ní Ọ̀fàtẹ̀dó. Ibẹ̀ ni Ọdúntán wá bá a. Kò rí ẹni tó lè gé ìdajì tó kù. Àwọn tó dán an wò ti fọ́ etí òkúta náà. Kò tọrọ àforíjì. Sikirat bi í bóyá yóò sọ òtítọ́ fún ìgbìmọ̀. Ó ní kí wọ́n ṣe èyí ná.

Sikirat mọ̀ pé kò ní í sọ ọ́, síbẹ̀ ó tẹ̀ lé e, nítorí ó fẹ́ rí inú òkúta náà. Òróró ló fi gé e lọ́tẹ̀ yìí, díẹ̀díẹ̀, kò sì fọ́. Nínú maikirosíkóòpù, ó rí àwọn horo róbótó tí amọ̀ ti jẹ láti ẹ̀gbẹ́ wọnú. Àwọn mìíràn ti di amọ̀ pátápátá, ìrísí wọn nìkan ló kù. Kò tíì wò ó tán tí Ọdúntán fi ní kó dìde, tí òun fúnra rẹ̀ sì jókòó, tó ń ya fọ́tò.

Sikirat bi í nípa ìgbìmọ̀.

"Ìgbìmọ̀ wo? O ba ìdajì jẹ́, o tún ìdajì ṣe. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Lójú rẹ̀ níbẹ̀, Ọdúntán pe ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì lórí fóònù, ó ní tí obìnrin náà bá ti jáde, kí wọ́n má jẹ́ kó wọlé mọ́. Sikirat nu òróró ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ, ó sì lọ dúró de ọkọ̀ Òṣogbo.