Fọ́tò Mushin Tí Àǹtí Yà

Ayafọ́tò ni Àǹtí, àbúrò ìyá mi. Kó tó tẹ kámẹ́rà, á kọ́kọ́ béèrè pé, “Ibo ni ojú ẹni tó bá ń wo fọ́tò máa gbà wọlé?”

Láàárín àwọn ọdún 1970, Yaba ni bàbá mi ń sọ fún àwọn ará ọ́fíìsì pé à ń gbé, torí ojú ń tì í láti dárúkọ Mushin tí ilé wa wà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì wò ó dáadáa ni,” ni Àǹtí wí.

Nígbà tí òjò dá, ó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa, ó ya fọ́tò àdúgbò, ó jẹ́ kí títì tó ń dán fa ojú lọ síbi tí àwọn obìnrin ti ń sá aṣọ funfun.

Bàbá gbé fọ́tò náà kọ́ sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá rẹ̀ bi í pé, “Ibo nìyí?”

“Àdúgbò wa ni, sà. Mushin.”

Nígbà tí Àǹtí gbọ́, ó ní kí Bàbá bọ́ síwájú ilé, kí òun ya fọ́tò tiẹ̀ náà.