Ọgọ́ta Páànù Salifou

Agnès Adérónkẹ́, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ti ìsọ̀ rẹ̀ pa ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, ní àkókò tí ọjà ń yá gan-an. Ìsọ̀ páànù, ìṣó àti sìmẹ́ǹtì ni, ní àdúgbò Plateau ní Savè, lẹ́bàá títì tó lọ sí Parakou. Ó ti ń tajà níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Yàtọ̀ sí ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi ṣe òkú ọkọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí ilẹ̀kùn náà ní títì nígbà tí oòrùn wà lókè. Suzanne, aránṣọ tí ìsọ̀ tirẹ̀ kángun sí i, yọjú síta.

"Ìyá Moyọ̀sọ́rẹ, ṣé kò sí o?"

"Bessé ni mò ń lọ. Ojú ara mi ni mo fẹ́ fi rí i."

Kò sọ ohun tó fẹ́ fojú rí, Suzanne náà kò sì bi í. Gbogbo ẹni tó ń tajà ní ẹ̀bá títì yẹn ló mọ̀.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí kajú ń tán lọ lóko, Salifou, àgbẹ̀ kan ní Bessé, wá gba ọgọ́ta páànù lọ́wọ́ Agnès. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún sẹ́fà ni ọ̀kan. Ó san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta sílẹ̀, ó ní bí iṣu tuntun bá jáde òun yóò san ìyókù, ẹgbẹ̀rún lọ́nà òjìlénígba. Agnès kò janpata. Àgbẹ̀ kì í gbowó lóṣooṣù bí olùkọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni owó ń wọ ilé rẹ̀, nígbà kajú àti nígbà iṣu, oníṣòwò tí kò bá lè tà fún un láwìn láàrin méjèèjì, kó lọ wá nǹkan mìíràn tà. Iṣu tuntun dé, ó di iṣu àná. Òjò dá, ọyẹ́ fẹ́, igi kajú tún ti so. Salifou kò yọjú.

Agnès náà ń rà láwìn. Alájì Bachirou ní Parakou ló ń já ọjà fún un, Agnès sì ti jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Ní oṣù tó kọjá, Alájì pè é lórí fóònù. Kò pariwo. Ó kí i dáadáa, ó bi í léèrè àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ó ní, "Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, Ìyá Moyọ̀sọ́rẹ. Bí n kò bá rí owó mi lọ́jọ́ yẹn, ẹlòmíràn ní Savè ni mo máa já páànù ọdún yìí fún." Láti oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, tí àgbẹ̀ ti ta kajú tí òjò kò sì tíì dé, ni gbogbo ènìyàn ń fi páànù bo ilé. Ẹni tí kò bá ní páànù nínú ìsọ̀ lásìkò yẹn, ọdún rẹ̀ ti parí nìyẹn, ìṣó ni yóò máa tà.

Ẹni tó ń bá a gba gbèsè ni Hervé, àbúrò rẹ̀, àbígbẹ̀yìn ìyá wọn, ẹni ọgbọ̀n ọdún. Zémìjáǹ ni Hervé, alùpùpù ló fi ń gbé èrò, kò sì sí ọ̀nà oko tí kò mọ̀. Ó mọ gbèsè í gbà. Yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè láti àárọ̀, yóò máa kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Ẹ kú iṣẹ́ o! Owó ẹ̀gbọ́n mi ni mo wá gbà." Kí oòrùn tó kan àtàrí, ojú á ti ti onílé, owó á jáde. Ti Salifou nìkan ni kò rí gbà. Láti oṣù kẹsàn-án, ó lọ sí Bessé nígbà méje. Iṣu ló ń gbé bọ̀.

"Ó ti lọ sóko kí n tó dé, ẹ̀gbọ́n."

"Agogo mẹ́fà àárọ̀ lo kúrò nílé."

"Àgbẹ̀ ni."

"Iṣu wo wá nìyẹn?"

"Wọ́n ní kí n gbé e wá fún yín."

"Ta ni 'wọ́n'? Ṣé ẹni tó ti lọ sóko náà ló yọjú láti oko bu iṣu fún ọ?"

Hervé á rẹ́rìn-ín, á lọ bomi bọ́jú. Agnès á se iṣu náà, nítorí pé iṣu dáadáa ni, ṣùgbọ́n bí ó ti ń jẹ ẹ́ ló ń ronú.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àbúrò rẹ̀. Ó rí bàtà tuntun lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kejìlá, ó rí i pé koríko lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì bó.

"Láti ìgbà wo ni ọwọ́ zémìjáǹ ti ń bó?"

"Ìjánu alùpùpù náà ló le, ẹ̀gbọ́n."

Ó fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, nígbà tí Hervé kò sí nílé, ó jáde lọ fọwọ́ tẹ ìjánu náà wò. Kò le rárá.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Suzanne wá jókòó tì í. Ó ní oníbàárà òun kan láti Bessé rí Hervé ní àgbàlá Salifou, lórí ẹní, ó ń jẹun, wọ́n sì pa adìyẹ fún un.

"Adìyẹ?" ni Agnès wí.

"Adìyẹ. Ìyá Moyọ̀sọ́rẹ, ẹni tó wá gba gbèsè kì í fọwọ́ bọ abọ́ onígbèsè. Àfi bí wọ́n bá ti jọ pín nǹkan."

Agnès náà ti rò ó ṣáájú kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn: Salifou ti sanwó tipẹ́, Hervé ló ń ná an, ohun tí wọ́n fi ń dí òun lẹ́nu ni iṣu.

Ìdí nìyẹn tí ó fi ti ìsọ̀ pa lọ́jọ́ Ajé. Kò pe Hervé. Zémìjáǹ tí kò mọ̀ rí ló gùn, kò sì sọ orúkọ ẹni tó ń lọ bá fún un títí wọ́n fi kọjá ìdí òkè àpáta.

Bí ó ti dé Bessé, ojú rẹ̀ ti ka òrùlé Salifou kí ẹnu rẹ̀ tó kí ẹnikẹ́ni. Ọgọ́ta páànù pé. Ó kéré tán, kò tà wọ́n. Samiratou, ìyàwó Salifou, jáde, ó sì kúnlẹ̀ kí i. Obìnrin tó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ! Onígbèsè máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n Agnès kò rí èyí tó bẹ̀rẹ̀ tó báyìí rí.

"Ẹ káàbọ̀, ìyá wa. Ẹ jókòó, kí n fi nǹkan kaná."

"Omi nìkan tó, ìyá. Ẹ kàn jẹ́ kí ẹnì kan mú mi dé oko, ọ̀dọ̀ bàbá ni mo wá."

Kò fẹ́ fẹnu kan oúnjẹ wọn. Ẹnu tó bá jẹ kì í lè sọ̀rọ̀ bó ti yẹ.

Ọmọbìnrin ilé náà, Chérifatou, tó tó ọdún mẹ́rìnlélógún, ló mú un lọ. Lójú ọ̀nà, ó ń wẹ̀yìn wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ mọ irú ìwà tí àlejò ní. Nígbà tí wọ́n dé oko, Agnès dúró. Wọ́n ti ṣán abẹ́ igi kajú mọ́ kedere, láti etí oko dé odò. Iṣẹ́ ènìyàn mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá ni. Salifou ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ìbàdí ń dùn ún, Cotonou sì ni àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ wà.

Ní ilẹ̀ yìí, ẹni tó bá ṣán abẹ́ igi ló máa ṣa èso rẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá fi igi kajú rẹ̀ dógò gba owó, ẹni tó yá a lówó ló ń kó alágbàṣe wá ṣán an ní oṣù kejìlá, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé èso ọdún náà ti ní olówó. Bí kajú yìí bá ti ní olówó, kí ni Salifou fẹ́ fi san gbèsè?

Salifou wà nídìí igi kan, ó ń to àpò.

"Háà, Ìyá Moyọ̀sọ́rẹ! Ẹ̀yin fúnra yín! Ṣé kò sí o?"

"Owó mi ni kò sí, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́. Ta ló ṣán abẹ́ igi yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin àti ta ni?"

"Èmi àti Ọlọ́run."

"Ọlọ́run kì í gbé àdá, Bàbá. Ta ni ẹ fi oko yìí dógò fún? Èló ni ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Èló ni ẹ sì yọ fún Hervé níbẹ̀?"

Bí ó ti dárúkọ Hervé, Chérifatou yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Salifou wo ọmọ rẹ̀. Ó wo Agnès. Ó gbé àpò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Sọ fún un," ló wí fún ọmọ náà. "Ó kúkú ti dé inú oko."

"Hervé àti àwọn zémìjáǹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni," ni Chérifatou wí, kò gbójú sókè. "Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀wẹ̀ àna ni."

Agnès jókòó sórí gbòǹgbò igi. Ọ̀wẹ̀ àna! Ọkùnrin tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ènìyàn ló ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣiṣẹ́ lóko bàbá ọmọ náà. Ọwọ́ tó bó, koríko ṣòkòtò, adìyẹ orí ẹní, gbogbo rẹ̀ tò síwájú rẹ̀. Ta ló sì lè dọ̀bálẹ̀ fún bàbá àna, kó tún ti ibẹ̀ dìde sọ pé, 'Ẹ mówó wá'? Ẹni tí kò yẹ kó rán ló ti ń rán láti oṣù kẹsàn-án.

"Ṣé ó bi yín léèrè owó náà rí?"

"Rárá o! Á dọ̀bálẹ̀, á kí wa, á gbéṣu, á lọ. Èmi rò pé ẹ̀yin lẹ ní kó jẹ́ kí kajú dé. Mo máa ń sọ fún Samiratou pé obìnrin yẹn mà láàánú o." Salifou rẹ́rìn-ín. "Iṣu náà ńkọ́, ṣé ó ń dé?"

"Ó ń dé, Bàbá."

Salifou súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní nígbà tí ọ̀rọ̀ ti dé gbangba, kí ìdílé Hervé kúkú wá tọrọ ọmọ. Ọ̀túnla, Ọjọ́rú, ló dára jù, nítorí pé ẹ̀gbọ́n Samiratou tó máa gbà wọ́n lálejò wà nílé, Ọjọ́bọ̀ ni yóò padà sí Cotonou.

"Ọjọ́ wo ni àwọn tó ń ra kajú ń gbé òṣùwọ̀n bọ̀ wá sí Bessé?" ni Agnès bi í.

"Ọjọ́bọ̀ náà ni."

Agnès ni àgbà ìdílé, òun ni yóò ṣáájú àwọn tó máa kúnlẹ̀. Bí ó bá kúnlẹ̀ ní Ọjọ́rú, tí òṣùwọ̀n dé ní Ọjọ́bọ̀, òun náà ti di àna. Kò ní lẹ́nu mọ́, bí Hervé kò ti ní. Ọkùnrin tó ti fa ọmọ mẹ́ta fọ́kọ ha lè sọ pé òun kò mọ ìyẹn? Ó wo ojú Salifou títí. Ojú ẹni tí oorun ń kùn ni, kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

"Bàbá, lónìí, onípáànù ni mí. Ẹ jẹ́ kí onípáànù gba owó rẹ̀ lẹ́bàá òṣùwọ̀n ná. Bí onípáànù bá lọ tán, àna á wá kúnlẹ̀."

Salifou rẹ́rìn-ín títí ìbàdí fi dùn ún. "Ìyá Páànù! Àbúrò yín kò gbọ́n tó yín." Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Chérifatou nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ó padà dé Plateau, Hervé ti gbọ́. Ó nà gbalaja síwájú ìsọ̀, lórí eruku sìmẹ́ǹtì.

"Dìde, o ń ba aṣọ jẹ́. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mùsùlùmí ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n. N kò mọ ohun tí ẹ máa wí."

"Mo jẹ iṣu àna fún oṣù márùn-ún, n kò mọ̀!"

"Ẹ̀ ń sọ pé ó dùn."

Suzanne bú sẹ́rìn-ín láti ìsọ̀ tirẹ̀. Agnès fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra. "Bàtà yẹn ńkọ́?"

"Chérifatou ló rà á."

Ó wo bàtà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó lè jẹ́ òótọ́.

"Ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ líle lọ́jọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́," ni Hervé bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ."

"Ìwọ ti di tiwọn. Jókòó sílé."

Bí owó bá pé, ìdílé yóò lọ tọrọ Chérifatou ní ọjọ́ Àìkú. Samiratou ti ránṣẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òun yóò dúró dè wọ́n, ìyẹn nìkan ló sì fi ọkàn Agnès balẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ni ti Alájì Bachirou. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì, agogo méje àárọ̀, òṣùwọ̀n kajú yóò dé Bessé. Agnès ti bá zémìjáǹ mìíràn sọ ọ́ pé kó wá gbé òun ní agogo márùn-ún ààbọ̀, kí òun lè ti dúró síbẹ̀ kí wọ́n tó gbé àpò Salifou àkọ́kọ́ kọ́ òṣùwọ̀n.