Bàbá Jemimah àti Ìwé Amẹ́ríkà

Ipò alága àdúgbò ni Bàbá Jemimah, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìwó, ń wá lójú méjèèjì. Ó rí ìwé atọ́nà kan lórí fóònù, tó ń ṣàlàyé ìwé ńlá kan lórí ìjọba àwa-ara-wa ti Amẹ́ríkà. Kò ṣí ìwé ńlá náà wò rí. Ìbéèrè àti ìdáhùn atọ́nà ló há sórí bí ayékòótọ́.

Lọ́jọ́ ìbò, ó gun orí bẹ́ǹṣì. "Ará Amẹ́ríkà kì í dúró de ìjọba! Wọ́n á para pọ̀, wọ́n á tún àdúgbò wọn ṣe!"

Ìyá Àdúrà, ọ̀kan nínú àwọn ará àdúgbò, dìde. "Ẹ kú làákàyè o, sà. Sátidé tí a ṣọ̀wẹ̀ láti kó ẹrẹ̀ gọ́tà, níbo lẹ wà?"

"Mo ń kà nípa rẹ̀ nílé ni."

Ẹ̀rín sọ débi pé ewúrẹ́ tó wà ní ìlú Kuta lọ́hùn-ún gbọ́, òun náà rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló nà sókè fún un: tirẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ ti nawọ́ fún ẹlòmíràn.